Rúpìì Méjì Lórí Mẹ́jọ

Ẹsẹ̀ mi mọ òkè Gáríwààlì ju ojú mi lọ.
Ogún ọdún ni mo ti ń gbé àpò lẹ́tà gùn ún,
agogo kékeré lọ́rùn ọ̀kọ̀ mi, kí ẹkùn lè yà fún mi.
Kí ogun tó dé, ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ ni mò ń gbé,
ajá nìkan ló ń sáré pàdé mi.
Nísinsìnyí owó ni. Owó ọmọ ogun láti Faransé,
níbi tí wọ́n ní ẹrẹ̀ ń gbé ènìyàn mì dé orúnkún.
Àwọn obìnrin á gbọ́ agogo láti oko jéró,
wọ́n á ju dòjé sílẹ̀.

Rúkúmà kò mọ̀wé. Àtàǹpàkò rẹ̀ ni ìwé rẹ̀:
tàdáwà dúdú, àpá dòjé là á láàárín,
mo lè dá a mọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún.
Rúpìì mẹ́jọ lóṣooṣù láti ọwọ́ Kúndàn ọkọ rẹ̀.
Mẹ́ta fún olówó èlé tó gba ẹfọ̀n wọn ṣe ìdógò,
ọ̀kan fún iyọ̀ àti epo àtùpà,
èyí tó kù, ìyá ọkọ a so ó mọ́ etí aṣọ,
a ní, "Ọmọ mi ni mo so mọ́ra yìí."

Lóṣù tó kọjá mo ka mẹ́wàá lé e lọ́wọ́.
Ó tún un kà. "Bàbá alágogo, ẹ ṣì í kà."
Mo ka ìwé tó bá owó wá:
*Wọ́n ti fún mi ní okùn méjì lápá. Ipò Jótárámù ni mo bọ́ sí.*
Ìyókù, ìkíni ni.

Jótárámù. Ọmọ Dáúńlì, ní abúlé ìsàlẹ̀ odò,
ìyá tí mi ò gbé ìwé kankan fún láti ìgbà òjò.
Mo dákẹ́. Rúkúmà dákẹ́. Ewúrẹ́ ń jẹ etí àpò mi.

Ó bá mi sọ̀ kalẹ̀, rúpìì méjì nínú ìkúùkù rẹ̀,
kò fọhùn títí a fi kọjá afárá okùn.
Dáúńlì ń fẹ́ ọkà. Ó wo owó, ó wò wá,
ó gbé atẹ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn.
Kò bèèrè. Àṣé owó lè ròyìn.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀:
"Gbé e padà, ìyàwó. Mi ò lè jẹ iyọ̀ yìí.
Ṣùgbọ́n kí bàbá yìí kọ̀wé sí ọkọ rẹ
pé kó má gùn ju ibẹ̀ lọ.
Kó dúró sórí mẹ́wàá."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.
Mi ò mọ ohun tí ọ̀gá tó ń yẹ ìwé wò máa rò.