Igun Tí A Kò Dí

Ìyá Jáwà ni gbogbo Ìta-Kúdímọ̀ ń pè é.
Sítì Rúkìà ni orúkọ tó gbé ti ilé rẹ̀ wá.
Baba baba mi fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà,
ọdún kẹrin ló tó wọlé dé
pẹ̀lú tẹ̀sùbáà kan, omi sámúsámù nínú ṣágo,
àti obìnrin kékeré kan
tí kò gbọ́ ju Bísímílà lọ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa.

Wọ́n ní nígbà tó béèrè òkun
Odò Àsà ni wọ́n mú un lọ wò.
Ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín,
ó bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.
Èmi ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo mọ̀.

Bí ìtúnu ààwẹ̀ bá ku ọ̀la,
yóò rán wa lọ já màrìwò tútù.
Àfáà Sálíù yóò yọjú lójú fèrèsé:
"Màrìwò kẹ̀? Òrìṣà wo lẹ fẹ́ bọ?"
"Ìrẹsì ni," ni Ìyá yóò wí, kò ní gbójú sókè.

Á la ewé náà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́,
á we méjì mọ́ àtẹ́lẹwọ́,
ọ̀kan gba orí, ọ̀kan gba abẹ́,
orí, abẹ́, abẹ́, orí,
kí o tó sín, àpò kan ti jókòó
bí ìrọ̀rí ọmọ àdàbà.
A ó bu ìrẹsì sí i, kò ní í kún.
"Ẹ fi àyè sílẹ̀. Ìrẹsì fẹ́ mí."
Àwa ọmọdé á bú sẹ́rìn-ín:
Ìyá, ìrẹsì fẹ́ ọ níyàwó ni?
Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ ohun tó ń wí,
pé ìrẹsì náà fẹ́ẹ́ mí.

Nínú ìkòkò Òkelele ló ń hó mọ́jú,
títí ìpè àsùbáà.
A ó fi ọ̀bẹ gé e, funfun, ó le bí ọṣẹ,
ojú ewé ti tẹ ara rẹ̀ sí i lára;
ọbẹ̀ omi àgbọn, ata ilẹ̀ pupa,
wàrà àwọn Fúlàní nínú rẹ̀
dípò nǹkan kan tí kò rí orúkọ fún.

Òfì ni mò ń hun báyìí.
Ọkọ̀ tèmi kò la òkun kankan,
ìbú ìka mẹ́rin ló ń gbà kọjá, á tún padà.
Mo rẹ òwú nínú ata ilẹ̀ pupa,
mo ní kí n hun àpò Ìyá sójú aṣọ,
orí, abẹ́, abẹ́, orí.
Igun mẹ́ta jáde.
Mo tú ìkẹrin nígbà mẹ́jọ.

Abẹ́ ìborùn ló ti máa ń dí igun náà,
pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, wúyẹ́wúyẹ́.
A kò béèrè. Ebi ń pa wá.
Ọyẹ́ ló mú un lọ, ọwọ́ méjèèjì nà tọ́ọ́rọ́,
kò sí ewé nínú wọn.

Mo fi igun náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Hájíà Múínátù ti Ọ̀fà wá gba aṣọ,
ó ki ìka bọ ibẹ̀.
"Kúbúrátù, iṣẹ́ kù níbí. Yọ owó kúrò."
Mo ní, "Ibẹ̀ la ń gbà bu ìrẹsì sí i."
Ó wò mí
bí wọ́n ṣe wo ẹni tó béèrè òkun.
Ó gbé aṣọ símú, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà.
"Kí ló ń ta sánsán?"
Mo ní, "Ẹ ṣáà má sá a sóòrùn.
Àwọ̀ yẹn kì í pẹ́."