Dènà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó lójú méjì.
"Wọ́n dènà dè wá," ni ìyá mi wí
lọ́dún tí àwọn olè gba owó kòkó
ní kọ́nà Láje, lóru Jímọ̀.
Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ "dènà",
igbó a máa mí sí mi lẹ́yìn ọrùn.

Nínú ọyẹ́ ni bàbá mi, Akíndúró, fa àdá yọ:
"Ẹ dìde, ká lọ dènà iná."
Iná wo? N kò rí èéfín.
Ewé kòkó gbígbẹ nìkan ló ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀.
A ro etí oko yíká, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá,
a gbálẹ̀ títí ilẹ̀ pupa fi hàn.
Ọwọ́ mi lé ròrò, mo ń kùn.
Ó ní, "Ibi mọ bá a ṣe ń dènà deni.
Ìwọ náà, tètè jí, kó o lọ dènà dè é."

Iná dé lóṣù Èrèlé,
ọdẹ kan ló ń lépa òkété.
Ó jẹ oko Lógbosẹ́rẹ̀ tán,
ó dé etí ilẹ̀ pupa wa,
ó bẹ̀rẹ̀, ó wò yíká,
kò rí nǹkan fi sẹ́nu.

Bàbá ò sọ pé "mo ṣáà wí".
Ó bu omi mu,
ó ní àdá òun ti kú,
ta ló rí òkúta ìpọ́nbẹ?