Omi Ìwẹsẹ̀ Edelmira

Òjò Chiloé kì í kanlẹ̀kùn,
ó ti wà nílé kí a tó jí.
Ó ń rọ̀ sórí ilé onígi, sórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀,
sórí ilé ìsìn kékeré tí kò ní ìṣó irin kankan:
igi ló di igi mú níbẹ̀,
bí àwọn tó di ara wọn lọ́wọ́ mú kí wọ́n má baà ṣubú.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo dé ibẹ̀.
Mo ká ìwàásù mẹ́rin sínú àpò aṣọ òjò mi,
mo ti kà wọ́n fún dígí, dígí sì ti ṣe àmín.
Edelmira Nahuelquín wò mí láti òkè délẹ̀,
ó gbé kẹ́tùlù lé mi lọ́wọ́.
"Má jẹ́ kó tutù," ó ní. Ó parí.

Ní ọjọọjọ́ Ẹtì, láti ilé dé ilé,
a máa ń lọ gé èékánná àwọn arúgbó.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́
ló mọ bí ìka ẹsẹ̀ ti jìnnà tó:
ó jìnnà ju ọ̀nà Ancud lọ,
ó jìnnà ju ọmọ tó wáṣẹ́ lọ sí gúúsù
tí kò tíì kọ lẹ́tà.
Èékánná a nípọn bí ìkarahun, a ká kò, a wọ inú ẹran,
ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn a lẹ̀ mọ́ egbò,
òórùn a sì dìde kí onílé tó dìde.
Mo yíjú sí fèrèsé.
Edelmira kò yíjú síbì kan.
Ó kúnlẹ̀ lórí àpò ọ̀dùnkún,
ó gbé gìgísẹ̀ lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun,
ó ń béèrè adìẹ, ó ń béèrè ikọ́,
ó ń béèrè ta ló kú ní Queilen.

Nílé Eleodoro Guaquil, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí.
Gbogbo erékùṣù ló mọ̀ pé òun ló búra èké ní kóòtù
tí ilẹ̀ ọkọ Edelmira fi di tirẹ̀,
tí ọkọ náà fi lọ sókun ní ọjọ́ tí kò yẹ kó lọ.
Obìnrin náà kúnlẹ̀.
Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, mo rí i, àlùmọ́gàjí ń gbọ̀n pẹ̀lú.
Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ-ìka.
Bàbá náà kò dúpẹ́. Ó ní omi gbóná jù.
Edelmira bu tútù sí i.

Lójú ọ̀nà mo bi í: "Ìyá, ṣé ẹ ti dárí jì í ni?"
Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òjò lójú.
"Mi ò tíì mọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo mọ̀.
Ẹni tó rán mi kò ní kí n kọ́kọ́ yẹ ọkàn wọn wò,
abọ́ ló gbé fún mi.
Orúnkún mi ti ṣáájú, ọkàn mi ń bọ̀ lẹ́yìn.
Arọ ni. Jẹ́ kó máa bọ̀."

Mi ò wàásù rárá lọ́dún náà.
Méjì jóná nínú ààrò opó kan tí igi rẹ̀ tutù,
ẹ̀kẹta la fi di èékánná tí a gé.
Ẹ̀kẹrin ṣì wà lọ́wọ́ mi; kò dára tó bí mo ti rò.

Nísinsìnyí Edelmira ò lè dìde lórí ibùsùn mọ́.
Mo gbé omi lọ lánàá. Ó fa ẹsẹ̀ sábẹ́ kúbùsù,
ó ní, "Rárá o, kì í ṣe ìwọ,"
ojú ń tì í bí ọmọge.
Ogójì ọdún ló fi wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn,
kò sẹ́ni tó rí tirẹ̀.
Mo kúnlẹ̀, mo dúró.
Òjò ń rọ̀.
Nígbà tó pẹ́, ìka kan yọ,
àtàńpàkò òsì, ó ti dúdú,
lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀,
bí alákàn tó ń wò bóyá ìgbì ti padà sẹ́yìn.
Ó tì í bọ omi.
Ó ní omi náà ti tutù.
Mo dìde, mo lọ gbé kẹ́tùlù.