Má-dójú-tì-mí

Iyọ̀ ló pa á, kì í ṣe ogbó.
Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì Windsor lóru yìnyín
jẹ abẹ́ Tòyótà mi bí ìgbà tí ikán bá wọ àpótí aṣọ.
Ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ̀ láti jí,
lọ́jọ́ náà, èmi ni mo gbàgbé iná rẹ̀ ní títàn.
Mo sọ ọ́ ní Má-dójú-tì-mí, orúkọ sì ro ó.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde.
Ìyá Ouellette ń dúró de oògùn àárọ̀ ní òpópónà Drouillard,
bàbá kan ní Walkerville kò lè dá ìbọ̀sẹ̀ wọ̀.
Bí ọkọ̀ bá ní òun ò lọ, ta ni yóò gbé wọn dìde?

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni Akínwándé ọkọ mi ń so mọ́ ọkọ̀
nílé iṣẹ́ ńlá tó wà lẹ́bàá ojú irin,
irínwó ilẹ̀kùn lójúmọ́.
Ó ní, "Ẹran tí à ń tà, ṣé kò yẹ ká sè nínú rẹ̀?"
Ó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ri pátákó mọ́lẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí:
ọkọ̀ àjèjì, ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, létí wáyà.
Igba ìṣísẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ odò, tí etí fi fẹ́ẹ́ já bọ́.
Ọdún mẹ́fà ló fi rìn ín nítorí tèmi.

Èyí tó wá dé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tún ju pátákó lọ.
Òdìkejì odò bínú. Wọ́n gbé owó ẹnubodè lé irin wa,
àwa náà gbé e lé tiwọn.
Àsíá bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú fèrèsé bí olú.
Alàgbà Fákúnlé dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì,
ó ń ka ọkọ̀ wa bí ẹni ka ẹ̀ṣẹ̀:
ti Kòríà, ti Japan, ti Amẹ́ríkà.
Òun fúnra rẹ̀ gun ti Jámánì wá. Ó fo tiẹ̀ dá.

Mo bi Akínwándé pé, èwo gan-an ni ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí nínú ọkọ̀ yín?
Ó rò ó títí.
Ó ní bẹ́líìtì ń ti Mẹ́síkò bọ̀,
nọ́ọ̀tì kan wà tó ń gba orí afárá kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta
kó tó rí ihò tí wọn yóò dè é sí.
"Bíi tiwa náà ni," ló wí. A rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín tí kò dé ikùn.

Bàbá mi ní Ìkìrun gun Pijó tí wọ́n tò ní Kàdúná.
Ó ní ọmọ ilé ni, òun ò ní pààrọ̀ rẹ̀.
Lọ́jọ́ tí ìyá mi ń rọbí, ọmọ ilé dákú lọ́nà Òkukù,
ẹ̀yìn ọkọ̀ onígẹdú ni wọ́n ti gbẹ̀bí àbúrò mi.
Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá ní kí n fẹ́ ìlú,
mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó nínú ọkọ̀ tí ọkọ mi ń tò.
Mo fa ilẹ̀kùn: gbì.
Ó ń wojú mi bí ẹni tó gbé oúnjẹ síwájú àlejò.
Ilẹ̀kùn dára. Mo sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni.
Ṣùgbọ́n mo ti bi nọ́ọ̀sì mẹ́rin tó ní irú rẹ̀:
jíà, jíà, jíà,
ẹ̀kẹrin ní òun kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Tòyótà àlòkù, aláwọ̀ eérú, ni mo fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.
Dhaliwal tó ń tà á ní Ontario níbí náà ni wọ́n ti tò ó.
"Ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀," ni Akínwándé wí, ó sì dákẹ́.
Lamoureux ló ń wá gbé e lọ síbi iṣẹ́ báyìí.
Kò tíì jókòó nínú ọkọ̀ náà rí.

Ọjọ́ kẹta tí yìnyín dì mọ́ gíláàsì,
mo gbọ́ ṣáà, ṣáà níta, aago mẹ́rin ààbọ̀.
Mo ṣí kọ́tìnì díẹ̀. Òun ni,
nínú jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́,
ó ń họ yìnyín kúrò lójú ọkọ̀ àjèjì,
ó họ tẹ̀yìn, ó gbé wáípà sókè, ó nu abẹ́ rẹ̀.

Kí n tó rí bàtà mi, ó ti padà sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì,
ó ń hanrun èké.
Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tutù bí irin.