Kẹ́ẹ̀gì Tó Wà ní Igun Yàrá

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gba ẹnu mi lọ́wọ́ mi.
Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, rárá. Ẹ̀pà, rárá.
Kajú tí mo ti ń yan fún ogún ọdún ní Àpàkẹ̀,
tí èéfín rẹ̀ ti wọ aṣọ mi dé ìsàlẹ̀ àpótí,
Nọ́ọ̀sì Morádèkẹ́ ní horo kan kò gbọdọ̀ kan eyín mi.

Ìrẹsì funfun. Ẹyin sísè. Omi.
Ó ń wọn ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré
bí ẹni ń ta wúrà.

"Ohun tí ẹ jẹ, a mọ̀ ọ́n," Dókítà Oyèédélé ló wí bẹ́ẹ̀.
"Èyí tí ara yín ń dá rọ lẹ́yìn wa là ń wá."
Ó ya ẹ̀dọ̀ mi sẹ́yìn páálí oògùn,
ó fi bírò pupa kùn ún yíká:
ọ̀rá ti bò ó, ó ní,
ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá bò lè máa rọ ọ́sáléètì ju bó ṣe yẹ lọ,
kíndìnrín a sì máa kó o jọ, a sọ ọ́ di òkúta.
A ò tíì mọ iye rẹ̀. Ẹ bá wa kà á.

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rá wo?
Èmi tí ìró ń yọ́ bọ́ nídìí mi!

Mo da ti àárọ̀ kùtù nù, bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe.
Láti aago méje, gbogbo ẹ̀kán di tiwọn.
Tẹjúmọ́lá, ọmọ ọmọ mi, dúró ti kẹ́ẹ̀gì:
"Ìyá àgbà, ṣé omi kajú ni?"
Mo ké mọ́ ọn, ó sá.

Lóru, kò sí iná. Mo dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
*Fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro*, ìyá mi kì í sinmi wíwí rẹ̀.
Mo fi lé e, ìyá mi.
Ọkọ kú, mo fi lé e.
Àwọn oníkajú ará òkèèrè jẹ owó mi mọ́lẹ̀,
mo fi lé e.
N ò bi í rí pé kí ló ń fi ọwọ́ ṣe níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lé itan lórí ọ̀kadà,
kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì, títí dé Tákì.
"Rọra, ọmọ mi," mo ní,
"iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ mi ni mo gbé dání."

Èsì di ọ̀sẹ̀ méjì.
Mo ti padà sídìí iná.
Kajú ń yọ òróró, ó ń ta sókè.
N ò tíì tọ́ ọ wò.