Ojú Ìwé Kan Péré

Lẹ́yìn láíbìrì ni ọ́fíìsì náà wà, fáànù rẹ̀ ń ráhùn.
Ìyáàfin Oyèbísí gba ìwé mi, ó yí i padà, ó tún yí i:
"Ràfátù, àyè funfun pọ̀ níbí ju ọ̀rọ̀ lọ.
Iṣẹ́ wo lo ti ṣe rí?"
Mo ní kò sí.

"Ta ló ń ka ìkòkò nílé yín ní Dàdá?"
Èmi.
"Ta ló ń kọ gbèsè sílẹ̀?"
Èmi náà ni, sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.
"Bí òjò bá ba ọjà jẹ́, ta ní ń bẹ oníbàárà?"
Mo rántí Alájà Jẹ́bà,
bó ṣe bú mi lórí fóònù títí owó rẹ̀ fi tán,
tó sì tún wá ra ogójì lọ́jọ́ Àlàmísì.

"Kọ ọ́. Má pè é ní mò ń ran màmá lọ́wọ́."

Mo kọ ọ́. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ,
títí kẹ̀kẹ́ fi ń ké "Tánkè! Tánkè!" nínú òkùnkùn.
Lẹ́tà mẹ́rìnlá ti lọ láti ìgbà ọyẹ́,
ẹyọ kan ló fèsì: ẹ máa retí wa.
Ọmọ amọ̀kòkò ni mí:
ìkòkò tí kò gbẹ délẹ̀,
iná ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Ó ku ibi ẹlẹ́rìí.
Nọ́ńbà ìyá mi àgbà ni mo kọ.
Bí wọ́n bá pè é, yóò ní Ràfátù kò fọ́ ìkòkò rí.
Irọ́ ni.
Mo ti fọ́ méjì.