Ó Ku Ẹgbẹ̀rún Mẹ́rin

Ọjọ́ Ẹtì ló gbé e wá, lẹ́yìn òjò,
ó ń tì í bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n,
òógùn àti omi òjò pa pọ̀ lójú rẹ̀.
"Ọ̀gá Fágbohùn, kò mú bíréèkì mọ́.
Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi wọ́lẹ̀ ní kọ́nà ilé ìwé.
Bàtà mi ló kú, kì í ṣe èmi."
A rẹ́rìn-ín.

Mo tú wíìlì ẹ̀yìn. Ṣúù bíréèkì ti jẹ tán,
irin ń ha irin,
ó ń dún bí ẹni tó ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò
lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ ò ní kárí.
Mo ní ẹgbẹ̀rún méje. Ó ka mẹ́ta lé mi lọ́wọ́.
Ó ní owó kòkó òun wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí,
kí ilẹ̀ tó ṣú, òun á ti dé.
Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò,
ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà ẹlòmíràn lọ.

Ilẹ̀ ṣú.
Ilẹ̀ mọ́.
Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin rèé.

Àwọn kan ní ó ń ṣọ́ géètì olówó kan ní Àkúrẹ́.
Àwọn kan ní Kòtónù. Àwọn kan ní aṣálẹ̀ ló gbà.
Ìyá rẹ̀ kì í sọ nǹkan kan.
Bó bá ti oko bọ̀, á yà,
á fi etí ìró nu eruku orí tánkì,
á ní, "Fágbohùn, o kú ìtọ́jú," á sì máa lọ.

Ẹ́ńjìnì tí a ò bá jí, á sùn gbàgbé.
Kábúrétọ̀ á dí, rìngì á dógùn-ún.
Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé,
màá so wáyà méjì pọ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́ ò sí,
màá da bẹntiróò sí i, ìdérí kan péré,
màá ta á ní ìpá:
ẹ̀ẹ̀kíní, ó wúkọ́; ẹ̀ẹ̀kejì, ó wúkọ́;
ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dáhùn,
bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun
tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti sùn.

Ọmọ́léye ní, "Ọ̀gá, ẹ yọ ṣéènì rẹ̀ fún mi,
ṣebí òkú kì í rìn."
Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ó kú?"
Sípánà nọ́ńbà mẹ́rìnlá wà lọ́wọ́ mi.
Kò tún bèèrè.

Àmọ́ kí n má parọ́.
Mo yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ rí, lóru kan,
nígbà tí ọ̀kadà nọ́ọ̀sì kọ̀ láti jí,
tí aboyún kan sì ń ké ní Èrìò.
Mo dá a padà kí àkùkọ tó kọ.
Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, kò mọ ẹni tó jẹ ní gbèsè.

Lóṣù tó kọjá, dírẹ́bà kan dúró,
ó na ọ̀rá dúdú kan sí mi láti ojú fèrèsé.
Kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú rẹ̀,
àti ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó pé. Kò sí lẹ́tà.
Mo ní, "Níbo lo ti rí i?"
Ó ní ẹnì kan ló fún ẹnì kan tó fún òun.

Ṣúù ti wọ́n ní ìlọ́po méjì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Mo fi tuntun sí i, mo fa okùn rẹ̀ le,
mo ránṣẹ́ pe ìyá.

Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà pẹ́.
Ó ká ìró sókè, ó gorí àga alùpùpù
níbi tó dúró sí lábẹ́ páànù,
obìnrin tí kò gùn ún rí láyé.
Ó na ẹsẹ̀, ó wá bíréèkì kàn, ó tẹ̀ ẹ́.
Mo ti alùpùpù náà látẹ̀yìn, díẹ̀.
Ó mú.